Iná Ń Jó, Iná Kú: Ẹ̀kọ́ Tí Ihò Òkè Mont Blanc Kọ́ Ilẹ̀ Yúróòpù

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 1999, ọkọ̀ àjàgbé kan tó ti Bẹ́ljíọ̀mù wá, tó kó ìyẹ̀fun àti májaríìnì, wọ inú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè Mont Blanc kọjá láti ilẹ̀ Faransé dé Ítálì. Bí ó ti ń lọ ni èéfín ń rú lára rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ dúró ní nǹkan bí àárín ihò náà, ọkọ̀ gbiná. Wákàtí 53 ni iná náà fi jó. Ènìyàn 39 ló bá a lọ.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn wáyà tó ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná fún àwọn àtùpà ihò náà ti jóná. Iná ń jó, iná kú. Àwọn panápaná tó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ Chamonix bá ara wọn nínú òkùnkùn biribiri, èéfín dí wọn lọ́nà, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Kí a tó lè mọ ohun tó fà á tí ìjàm̀bá yìí fi di ẹ̀kọ́ ńlá, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iná inú ihò ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òru ni títan iná sí inú ihò ti le. Ọ̀sán gan-an ló le jù. Ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ láti inú oòrùn kì í tètè mọ òkùnkùn lára. Ẹnu ihò a dà bí ògiri dúdú níwájú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí iná ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀ gidigidi lọ́sàn-án, kí ó sì máa dínkù díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń wọ inú lọ. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, ó yẹ kí ó dínkù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ó tún dínkù sí i. Iná inú ihò kò lè dá wà. Ohun kan gbọ́dọ̀ máa sọ fún un bí ìta ti rí.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ní 1843, iná gáàsì ni wọ́n tàn síbẹ̀. Nígbà tí Holland Tunnel, ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ odò Hudson, ṣí ní New York ní 1927, iná mọ̀nàmọ́ná ti gba ipò gáàsì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kọjú sí ẹnu ihò. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá rí ni wáyà ń gbé lọ sí àpótí ìdarí, tí àpótí náà á sì tan ọ̀wọ́ àtùpà kan tàbí kí ó pa á. Síbẹ̀, apá kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Àtùpà ń gba àṣẹ, kò lè fèsì.

Àwọn ìlànà bíi DALI, tó jáde ní àwọn ọdún 1990, yí èyí padà. Wáyà méjì péré lè gbé ọ̀rọ̀ fún àtùpà 64, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Yàrá ìdarí lè ní kí ọ̀kan dínkù láìkan èkejì, àtùpà náà sì lè jíṣẹ́ padà pé òun ń ṣiṣẹ́ tàbí pé òun ti bàjẹ́. Nínú ihò tó gùn, okùn fáíbà ló máa ń so àwọn ọ̀wọ́ àtùpà pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: wọ́n máa ń ta okùn náà yípo bí òrùka, kó lè jẹ́ pé bí ó bá já níbì kan, ọ̀rọ̀ á gba apá kejì débẹ̀.

Ṣùgbọ́n wáyà kò lè wo àìgbọ́ra-ẹni-yé ènìyàn sàn. Ihò Mont Blanc gùn tó kìlómítà 11.6, nígbà tí ó ṣí ní 1965, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ inú ihò tó gùn tó o ní gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ Faransé kan ń bójú tó ìdajì, ilé iṣẹ́ Ítálì kan ń bójú tó ìdajì kejì. Yàrá ìdarí kan wà ní ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ ìjàm̀bá náà, apá Ítálì ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé níbi tó ti yẹ kí ó fa èéfín jáde. Ìwádìí tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ ṣe sọ ọ́ gbangba pé ó yẹ kí àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹyọ kan.

Nígbà tí ọ̀nà náà tún ṣí ní oṣù Kẹta, 2002, yàrá ìdarí kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Ní 2004, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin fún àwọn ihò ojú ọ̀nà ńlá wọn: ihò tó bá gùn ju mítà 3,000 lọ tí ọkọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní yàrá ìdarí, iná ààbò gbọ́dọ̀ wà tí kò ní kú bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, àtùpà tó ń júwe ọ̀nà àbájáde kò sì gbọdọ̀ ga ju mítà 1.5 lọ sílẹ̀, nítorí òkè ni èéfín máa ń lọ, ìsàlẹ̀ sì ni ẹni tó ń sá àsálà máa ń wò.

Ọdún 34 ni ilé iṣẹ́ méjì fi pín ihò kan láàárín ara wọn. Ẹ̀mí 39 ló kọ́ àwọn aláṣẹ pé ẹnu kan ló yẹ kó máa pàṣẹ fún un.