Àdúrà Wọn Ni Ká Mú, Kì Í Ṣe Iyẹ̀pẹ̀ Sàréè Wọn

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bi mí lóṣù yìí pé, "Dádì, ṣé ó dáa kéèyàn bu iyẹ̀pẹ̀ níbi sàréè Bàbá Babalọlá wálé?" Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí bàbá náà jẹ́.

Ọdún 1904 ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Nígbà tó dàgbà, ó di awakọ̀ rólà ní PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá 1928, nítòsí Ìkejì-Arákejì lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, rólà náà kú, kò dáhùn mọ́. Bàbá sọ pé ibẹ̀ lòun ti gbọ́ ohùn tó pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní kóun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó sì fi í sílẹ̀! Ẹ má sáré kọjá ibẹ̀ yẹn o. Iṣẹ́ ìjọba, láyé òyìnbó!

Ààwẹ̀ àti àdúrà ló kù. Nígbà tó fi eérú para, tó mú agogo wọ Odò-Ọwá, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Kò tìtorí ẹ̀ dákẹ́. Ẹdẹ ló kú sí ní July 26, 1959, Ẹfọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Íjíbítì, ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Antony. Àwọn òbí rẹ̀ kú, wọ́n fi ilẹ̀ oko rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ohun tí Jésù sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀, ó fi ilẹ̀ náà tọrẹ, ó gba aginjù lọ. Ogún ọdún ló fi dá gbé inú ilé ogun àtijọ́ kan. Nígbà tí ikú dé ní 356, ó bẹ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì pé kí wọ́n sin òun níbi tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ̀. Kí nìdí? Àwọn ará Íjíbítì máa ń tọ́jú òkú àwọn ẹni mímọ́ sínú ilé. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ òun náà di nǹkan àgbéṣọ́.

Ẹnìkan á ní, "Dádì, egungun Èlíṣà ńkọ́?" Òótọ́ ni, òkú jí nígbà tó kan egungun náà. Àmọ́ níbo lẹ ti kà á pé Ísírẹ́lì wá ń bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí Mósè ṣe ejò idẹ, síbẹ̀ Hesekáyà fọ́ ọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i. Ohun tí Ọlọ́run lò lánàá lè di òrìṣà lónìí.

Ìdáhùn mi rèé. Ẹ lọ sí Ìkejì-Arákejì, kò sí wàhálà. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Bàbá wà níbẹ̀ láti 2006. Ẹ dé Ẹfọ̀n-Aláayè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó lo awakọ̀ rólà. Ṣùgbọ́n ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti iyẹ̀pẹ̀ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, kò ní pẹ́ tí kò fi ní jí gbàdúrà lóru mọ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Adégbayì wa yìí kì í ṣe aginjù, ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ ká gbádùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ pa dátà, ẹ fún Ọlọ́run ní wákàtí kan lójúmọ́ títí di Sunday. Aginjù tiyín nìyẹn.

Ọlọ́run tó dá Babalọlá lóhùn kò tíì kú. Yóò dá ìwọ náà lóhùn, lórúkọ Jésù. Tó o bá gbà á gbọ́, kọ ÀMÍN, kó o sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.