Kì í Ṣe Aristotle Ló Kọ Ìwé Ìmọ̀ràn Ọba

Ìwé kan wà tí àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù kò fi ṣeré rárá láyé àtijọ́. Secretum Secretorum ni wọ́n ń pè é ní Látìnì, ìyẹn Àṣírí Àwọn Àṣírí. Ìmọ̀ràn fún ẹni tó wà lórí oyè ló kún inú rẹ̀: bí ọba yóò ṣe náwó, bí yóò ṣe jẹun kí ara rẹ̀ le, bí yóò ṣe yan ìjòyè, bí yóò ṣe wo ojú ènìyàn kó sì mọ ìwà rẹ̀. Ohun tí a ń gbọ́ títí dòní ni pé Aristotle, àgbà ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Alexander tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Pé nígbà tí Yúróòpù gbàgbé ọgbọ́n àwọn Gíríìkì, àwọn Lárúbáwá ló bá wọn fi ìwé náà pamọ́, tí wọ́n sì dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ìtàn yìí dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé ló kọ ọ́ fúnra wọn, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá, nígbà tí Aristotle ti kú láti ohun tó lé ní 1,200 ọdún.

Ohun tó mú kí irọ́ náà tètè wọlé kò ṣòroó mọ̀. Aristotle kọ́ Alexander lẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́. Ní 343 ṣáájú ìbí Kristi ni Philip ọba Makedóníà ránṣẹ́ pè é pé kó wá kọ́ ọmọ òun, ìlú Mieza ló sì ti kọ́ ọ. Olùkọ́ wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà. Lẹ́tà nìkan ló kù kí ẹnì kan kọ.

Àwọn ẹ̀dà olówó iyebíye tó wà ní ààfin wá fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Walter of Milemete, tó jẹ́ akọ̀wé ọba, ló ní kí wọ́n ṣe é ní nǹkan bí 1326 sí 1327 fún Edward Kẹta, ọmọ ọdún 14 tí wọ́n dé ládé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1327, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ bàbá rẹ̀ lóyè. Milemete tún kọ ìwé ìmọ̀ràn tirẹ̀ láti fi tì í lẹ́yìn, èyí tó wà ní Christ Church ní Oxford báyìí. Wúrà àti oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n fi ṣe ojú ìwé wọn lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn jagunjagun àti ẹranko abàmì kún etí rẹ̀ yíká. Ọmọdé ọba tó bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó sì bá orúkọ Aristotle níbẹ̀, kò ní béèrè pé níbo lọ̀rọ̀ yìí ti wá. Wúrà ti jẹ́rìí tán.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwé Lárúbáwá náà, Sirr al-asrār, sọ nípa ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ ní Yahya ibn al-Batriq ló túmọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ gidi ni Yahya, ó ṣiṣẹ́ láyé al-Ma'mun tó jọba ní Baghdad láti 813 sí 833. Wọ́n ní ó ń ti tẹ́ńpìlì kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi dé tẹ́ńpìlì oòrùn, tó sì fi ọgbọ́n bá olùfọkànsìn kan tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ìwé náà fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó wá túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gíríìkì, títí ó fi gbé e wá sí Lárúbáwá. Gbogbo èyí wuyì, ṣùgbọ́n ìwé Gíríìkì náà dà? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò rí ẹyọ ojú ìwé kan.

Inú ìwé náà gan-an ló sì ti tú àṣírí ara rẹ̀. Aristotle rán Alexander létí ọmọbìnrin arẹwà kan tó wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Íńdíà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi májèlé ejò bọ́ ọmọ náà, títí ara rẹ̀ fi di májèlé, tó jẹ́ pé ọkùnrin tó bá fara kàn án, ikú ló kàn. Olùkọ́ wo ojú ọmọ náà, ó wo ìṣesí rẹ̀, ó mọ̀, ó sì gba ọba là. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú ìtàn yìí? Íńdíà ló ti wá. Ọmọbìnrin onímájèlé ti wà nínú ìtàn Sanskrit tipẹ́. Ó wà nínú eré Mudrarakshasa, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi irú rẹ̀ pa ọba Chandragupta, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bá a lọ.

Ibòmíràn tún wà. Ìwé náà ní ọ̀nà mẹ́rin ni ìnáwó ọba pín sí: ọba tó lawọ́ sí ara rẹ̀ àti ará ìlú, èyí tó háwọ́ sí méjèèjì, èyí tó lawọ́ sí ara rẹ̀ nìkan, àti èyí tó fi ti ara rẹ̀ du ara rẹ̀ kó lè ṣe ará ìlú lóore. Ó wá pe àwọn orílẹ̀-èdè jọ láti dá sí i. Nínú ẹ̀dà Látìnì, àwọn ará Ítálì ní kò sóhun tó burú bí ọba bá háwọ́ sí ara rẹ̀ tó lawọ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn ará Íńdíà ní kó háwọ́ sí méjèèjì. Àwọn ará Páṣíà ní ọba tí kò lawọ́ sí méjèèjì kì í ṣe ọba. Ẹni tó jókòó láàárín ayé àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀rọ̀ Íńdíà àti Páṣíà ń dé etí rẹ̀ lójoojúmọ́, ló máa ń jiyàn báyìí.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù ni ti òbìrí ìdájọ́ òdodo. Gbólóhùn mẹ́jọ ni, wọ́n tò wọ́n yíká tí ìparí ọ̀kan fi ń bí èkejì: ọba gbára lé ọmọ ogun, ọmọ ogun gbára lé owó, owó ń tọwọ́ ará ìlú wá, òdodo ló sì ń dáàbò bo ará ìlú. Àwọn ọba Páṣíà ayé àtijọ́ ni àwọn òǹkọ̀wé Lárúbáwá sábà máa ń ka irú ọ̀rọ̀ yìí sí lọ́rùn. Ibn Khaldun mẹ́nu kàn án nínú Muqaddimah tó kọ ní 1377, ó sì ṣọ́ra: ìwé tí wọ́n ń sọ pé Aristotle ló ni ín ló pè é. Àádọ́ta ọdún péré lẹ́yìn tí wọ́n gbé ti Edward jáde nìyẹn.

Kí wá ló dé tí wọ́n fi orúkọ Aristotle sí i? Ìdáhùn tèmi ni pé àyè kan ṣófo. Àwọn ògbufọ̀ Baghdad túmọ̀ ọ̀pọ̀ ìwé Aristotle dáadáa, ṣùgbọ́n ojúlówó ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú, Politics, kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ibn Rushd, tó ṣàlàyé Aristotle ju ẹnikẹ́ni lọ, sọ gbangba pé nítorí pé òun ò rí ìwé náà lòun ṣe ṣàlàyé Republic ti Plato dípò rẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ lórí ìjọba. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ náà kà.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù. John of Seville kọ́kọ́ túmọ̀ apá tó dá lórí ìtọ́jú ara fún ayaba kan ní Sípéènì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá. Ní nǹkan bí 1230 sí 1240, Philip of Tripoli túmọ̀ rẹ̀ lódindi. Áńtíókù ló ní òun ti rí i, kò sì fi pamọ́ pé Lárúbáwá lòun ti túmọ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí 1260 ni William of Moerbeke tó gbé Politics gidi wá sí Látìnì. Èyí túmọ̀ sí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí òǹkọ̀wé Lárúbáwá kan kọ ni Yúróòpù ń kà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Aristotle lórí bí a ṣe ń jọba. Roger Bacon, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá gbà á gbọ́, ó sì jókòó kọ àlàyé sí i. Ẹ̀dà Látìnì tó ṣẹ́kù lónìí lé ní 300.

Nínú ìwé Milemete tó wà ní Oxford, àwòrán kan wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn. Ìbọn àgbá kan ló nà sórí tábìlì, ikùn rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọfà ńlá ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó dojú kọ ẹnu-ọ̀nà odi. Jagunjagun kan tó wọ ẹ̀wù irin ń fi iná kàn án látẹ̀yìn. Òun ni àwòrán ìbọn tó pẹ́ jù tí a mọ̀ ní Yúróòpù. Àwọn kan ti tipa bẹ́ẹ̀ rò pé ibẹ̀ ni ìbọn ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ogun kan nílẹ̀ Ṣáínà ti sọ bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀tù ìbọn láti 1044. Ohun tí wọ́n kọ fún Edward àti ohun tí wọ́n yà fún un, ìlà-oòrùn ni méjèèjì ti wá.

Àwọn kan á ní bí kì í bá ṣe ti Aristotle, ayédèrú ni, kí a gbé e sọnù. Mi ò gbà. Ẹni tó kó ìtàn Íńdíà, ọ̀rọ̀ ọba Páṣíà àti ìmọ̀ ìṣègùn Gíríìkì jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, tí àwọn ọba fi ń tọ́ ọmọ wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Tí a bá ń sọ pé àwọn Lárúbáwá kàn bá Yúróòpù tọ́jú ẹrù ni, a ń gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá tún pàtẹ ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí fún aráyé wò, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò le: òǹkọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù, tó fi èdè Lárúbáwá kọ ọ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá, Philip of Tripoli ló túmọ̀ rẹ̀.