Ọ̀rọ̀ Àbíjáàn lẹ́nu Èjìgbò: ta ló máa kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀?

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń wọ inú ìwé atúmọ̀ ni mo fẹ́ sọ, láti 1843 títí di òní. Mo sì fẹ́ sọ nípa àwọn ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwa ará Èjìgbò tó ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

2/
Fún ẹni tí kò bá mọ Èjìgbò: ìlú Ògìyán ni, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. A ò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, a ò sì jìnnà sí Ẹdẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Bọ́ọ̀sì ń gbéra ní Èjìgbò, ó di Àbíjáàn. Ibodè mẹ́rin ló máa kọjá: Benin, Tógò, Gánà, kó tó wọ Côte d'Ivoire.

3/
Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ọjà wa tí màmá kan kí ara wọn ní “ça va?”, ẹ má wò ó bí ẹni tó ń ṣe fọ́rífọ́rí. Ẹni tó ti Àbíjáàn dé lè pe ọjà ní “marché”, kó pe búrẹ́dì ní “pain”, kó pe dòdò ní “alloco”. Owó sẹ́fà ńkọ́? Ọmọ tí ò kúrò ní Èjìgbò rí pàápàá mọ̀ ọ́n.

4/
Nígbà tí wàhálà tó tẹ̀ lé ìbò 2010 le ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ará wa kó ọmọ wọn wálé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wọ kíláàsì wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ lọ ra “pain”. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní, “Sọ Yorùbá tó dáa. Búrẹ́dì là ń pè é.” Ọmọ náà ò la ẹnu mọ́ títí wọ́n fi lu agogo.

5/
Ẹ dúró ná. Búrẹ́dì? Ṣé Odùduwà ló sọ ọ́ lórúkọ ni? Gẹ̀ẹ́sì la ti yá a. Èdè wa ò fẹ́ kí b àti r fara kanra, torí náà a fi ú sáàárín wọn. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ fi d parí, a fi ì dí i nídìí. A wá fún un ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ó di ọmọ ilé. Àlejò ni búrẹ́dì, àlejò ni pain. Ẹnubodè tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀.

6/
Ẹ jẹ́ ká tún lọ sẹ́yìn. Àlùbọ́sà: láti ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti dé ọ̀dọ̀ wa, Lárúbáwá ni Haúsá sì ti rí i. Àlàáfíà, àlùbáríkà, àdúrà, wákàtí, súúrù, gbogbo wọn, Lárúbáwá ni orísun wọn. “Àl” tó wà níwájú àlùbọ́sà àti àlàáfíà yẹn, atọ́ka lásán ni lọ́dọ̀ Lárúbáwá. Àwa gbé e mì mọ́ ọ̀rọ̀ náà, a ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

7/
Ẹ lọ bi ọmọ ọdún méjìdínlógún kí ni àlùmọ́gàjí. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, àgbà kan máa mí kanlẹ̀: “Àwọn ọmọ yìí ò gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá mọ́.” Ṣùgbọ́n ọ̀nà Haúsá àti Lárúbáwá kan náà ni àlùmọ́gàjí gbà dé. Tákàdá náà, láti ọ̀dọ̀ Haúsá ló ti dé. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nílé la wá ń pè ní ìjìnlẹ̀. Síṣọ́ọ̀sì àti pépà tó ń lé wọn jáde báyìí, ẹ fún àwọn náà ní igba ọdún.

8/
Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Orúkọ náà “Yorùbá” gan-an, àwọn ará òkè ọya ló kọ́kọ́ ń fi pe àwọn ará Ọ̀yọ́. Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú. Báwo ni gbogbo wa ṣe wá di Yorùbá? Ìwé wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìwé atúmọ̀ sì wà nínú ìwé náà.

9/
1821. Ogun kó ìlú Òṣogùn. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, wọ́n sì gbé Àjàyí lọ sí Freetown. Ẹ mọ̀ ọ́n: Samuel Àjàyí Crowther.

10/
Ní Freetown, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, gbogbo wọn bọ́ sójú kan náà. Kálukú pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì yí wọn ká. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn ní “ẹ kú, ẹ kú”, ni wọ́n bá sọ gbogbo wọn ní Aku. Láàárín 1830 sí 1832, míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ John Raban ti ń tẹ ìwé kékeré jáde nípa èdè Aku yìí.

11/
Ní 1843, ìwé Crowther tirẹ̀ jáde ní London: Vocabulary of the Yoruba Language. Ó tún ṣe é tó gbòòrò sí i ní 1852. Ibi tó wà ká mi lára nìyí: 1845 ni Crowther tó padà fẹsẹ̀ tẹ Badagry. 1846 ló tó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n jí i gbé. Ó ti kọ ìwé atúmọ̀ èdè ìyá rẹ̀ kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀.

12/
Ẹ jẹ́ kó wọ̀ wá létí. Ẹni tó ti ilé kúrò ló bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ Yorùbá, láàárín àwọn tí èdè wọn ti dà pọ̀, ní ìlú àjèjì. Kì í ṣe àgbà kan tó jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán tí kò gbọ́ èdè mìíràn rí. Ẹni tó ń wí fún yín pé àdàlù èdè ò yẹ nínú ìwé, ẹ ní kó lọ wo ibi tí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀.

13/
Iṣẹ́ náà ń bá a lọ. 1858: Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà tó ti gbé Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, tẹ gírámà àti atúmọ̀ Yorùbá jáde lọ́dọ̀ Smithsonian ní Washington. 1913: ilé ìtàwé CMS ní Èkó gbé tiwọn jáde. 1958: R. C. Abraham gbé ìwé gbàǹgbà kan jáde ní London, tòun ti àmì ohùn, tòun ti àwòrán. Ọdún yẹn kan náà ni Isaac Délànọ̀ gbé Atúmọ̀ Ede Yoruba jáde, tó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá.

14/
Ẹ wò ó dáadáa: yàtọ̀ sí ti Délànọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn dojú kọ. Kò yani lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan ilẹ̀ Yorùbá, Faransé gba apá kejì, ìwé sì ń tẹ̀ lé ẹni tó ni ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ò mọ ibodè. Bàbá tó ń ta ọjà ní Treichville ò dúró kí ìjọba fún òun láṣẹ kó tó pe owó ní “argent”.

15/
Ní Àbíjáàn, wọn kì í tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ pè wá ní Yorùbá. “Anango” ni wọ́n ń pè wá. Ànàgó jẹ́ ẹ̀ka kan nínú wa lápá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ará Dahomey fi orúkọ wọn pe gbogbo wa, Faransé sì gbà á lẹ́nu wọn. Aku ní Freetown, Lukumí ní Kúbà, Anango ní Àbíjáàn. Ibi tá a bá dé, wọ́n á tún wa sọ lórúkọ.

16/
Àwọn ibi yòókù yẹn, ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ní 1957, Lydia Cabrera tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Lukumí jáde ní Havana, ó pè é ní Anagó. Kì í ṣe Yorùbá Ìbàdàn ló wà níbẹ̀ o, Yorùbá tó ti jẹ iyọ̀ Kúbà ni. Ní 1980, Clifford Fyle àti Eldred Jones gbé atúmọ̀ èdè Krio jáde. Ẹ ṣí i, ẹ máa rí awujoh, àsè tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òkú ọ̀run. Àwùjọ wa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé èdè tó ti bàjẹ́ ni.

17/
Àwọn tó ni èdè ńlá pàápàá ń ṣe é. January 2020, Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti Nàìjíríà, okada, danfo àti tokunbo wà níbẹ̀. Ní Àbíjáàn, àwọn ọ̀dọ́ gbé “enjoy” Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi sínú nouchi, ìyẹn èdè ìgboro wọn, ó di “s'enjailler”. Lónìí ó wà nínú Le Petit Robert ní ilẹ̀ Faransé. Ìgbádùn lásán ti gba ìwé ìrìnnà ju àwa lọ.

18/
Ẹ lè ní, kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ lásán? Ìtàn ló wà níbẹ̀. Gbogbo wa mọ báàgì Ghana Must Go. Lílé tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà ní 1983 ló sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, “carte de séjour” ni: káàdì ìgbélùú tí wọ́n gbé dé ní Côte d'Ivoire ní àwọn ọdún 1990. 2007 ni wọ́n tó mú un kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ ECOWAS. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ nígbà náà, ẹ pe ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.

19/
Sẹ́fà náà ní ìtàn tirẹ̀. January 1994, wọ́n gé iye rẹ̀ sí méjì sí owó Faransé: 50 sẹ́fà tó ń jẹ́ fáránkì kan tẹ́lẹ̀ di 100. Ẹni tó ti ń kó owó jọ láti fi kọ́lé sí Èjìgbò sùn, ó jí, ọjà òkèèrè ti di ìlọ́po méjì lójú owó rẹ̀. Nínú ìwé atúmọ̀ tó bá dáa, “owó ilẹ̀ Faransé” nìkan kò tó láti fi túmọ̀ sẹ́fà.

20/
Àtakò tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: “Ẹ máa ba èdè jẹ́.” Ẹ̀gbọ́n, ìwé atúmọ̀ kì í jẹ ọ̀rọ̀ lóyè. Ó ń sọ pé: báyìí ni àwọn kan ṣe ń sọ ọ́, níbí, lákòókò yìí. Ẹ kọ dòdò, ẹ kọ alloco sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi “Èjìgbò, Àbíjáàn” sámì sí i. Tá ò bá sì kọ dòdò náà sílẹ̀ dáadáa, lọ́jọ́ kan ọmọ Àbíjáàn ò ní mọ ohun tí alloco ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀.

21/
Ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Ọmọ wà ní Àbíjáàn báyìí tó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ. Tí ìyá àgbà bá pè é láti Èjìgbò, àwọn ọ̀rọ̀ alábọ́dé yìí ni afárá tó wà láàárín wọn: “ça va” díẹ̀, “ẹ kú ilé” díẹ̀. Ìran tó dá afárá yẹn ń dàgbà, àwọn kan ti lọ. Tí wọ́n bá lọ tán, afárá náà bá wọn lọ nìyẹn.

22/
Ṣé ó ṣe é ṣe? Ẹ wo Zimbabwe. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tó ń sọ Ndebele fi ń gbára lé ìwé atúmọ̀ Zulu. Ní 2001, Samukele Hadebe àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Isichazamazwi SesiNdebele jáde, tó fi Ndebele túmọ̀ Ndebele. Lára ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ bá ará ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ o. Àwọn ẹgbẹ́ wa.

23/
Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan wà ní Èjìgbò níbí. Láti 1991 ni Nàìjíríà sì ti ní abúlé èdè Faransé ní Badagry, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Màmá tó ti ṣòwò ní Adjamé fún ogún ọdún wà lẹ́yìnkùlé wa, a ò bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ gbà mí.

24/
Ohun tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyí, ẹ wo ọ̀kan:

alloco. Ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a fi epo dín; dòdò. Ibi tó ti wá: Àbíjáàn. Àwọn tó ń sọ ọ́: àwọn tó ti gbé ibẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Àpẹẹrẹ: “Bá mi ra alloco bọ̀, ní kí wọ́n fi ata sí i.”

Kò ju ìyẹn lọ. Fóònù àti sùúrù ló gbà.

25/
Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ gbé Gánà, tàbí ọmọ Anango tó ń ka èyí ní Àbíjáàn: ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń pè é, ìtúmọ̀ rẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ (bàbá, ìyá, oníbọ́ọ̀sì, ẹ má dárúkọ wọn), àti gbólóhùn kan tó wà nínú rẹ̀. Pain ni mo fi ṣe nọ́ńbà kìn-ín-ní nínú ìwé mi. Búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò jà.