Àwòrán Tí A Fi Yíyọ Ṣe: Láti Ojú Ọpọ́n Ifá Dé Ojú Ọ̀dà

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ayàwòrán òde òní ń gbà ṣiṣẹ́, tí ó máa ń ya ẹni tí kò rí i rí lẹ́nu. Ayàwòrán yóò kọ́kọ́ fi ọ̀dà akirílíìkì tí kì í tètè gbẹ bo gbogbo ojú pákó tàbí aṣọ. Kí ọ̀dà náà tó gbẹ, yóò mú àkísà, òòyà, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tàbí ìka ara rẹ̀, yóò sì máa yọ ọ̀dà kúrò níbi tí ó bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti yọjú. Kò fi nǹkan kún un mọ́. Ibi tí ọ̀dà ti kúrò ni àwòrán ti ń jáde.

Ọ̀dà akirílíìkì tí a ń fi omi pò kò tíì pẹ́ láyé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ó dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń gbẹ, bí ó bá sì ti gbẹ, omi kò lè tú u mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe wá àwọn èròjà tí ń fa gbígbẹ rẹ̀ sẹ́yìn, títí ilé iṣẹ́ Golden fi gbé irú èyí tí í pẹ́ ní tútù jáde ní ọdún 2008. Ṣáájú ìgbà náà, Max Ernst, ọmọ Jámánì tí ó ń gbé ní Paris, ti ń ha ọ̀dà epo kúrò lójú aṣọ láti ẹ̀yìn ọdún 1925. Àwọn Faransé sọ ọ̀nà náà ní grattage. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé ìtàn ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ilé dáadáa, a óò rí i pé ìmọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ àwọn baba àti ìyá wa tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọpọ́n Ifá. Babaláwo a da ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀fun tí ó ti ara igi ìrosùn wá, sí ojú ọpọ́n, a sì tẹ́ ẹ kí ó dọ́gba. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ọwọ́ kan gbá ikin mẹ́rìndínlógún tí ó wà ní ọwọ́ kejì. Bí ó bá ku ikin kan, yóò tẹ ojú méjì. Bí ó bá ku méjì, yóò tẹ ojú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ kí odù kan tó pé. Níwọ̀n bí ojú kọ̀ọ̀kan ti lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, odù tí ó lè jáde jẹ́ 256. Ohun tí ó kàn wá nínú èyí ni ìṣe ọwọ́ náà: babaláwo kò fi tàdáwà kọ nǹkan kan. Ó fi ìka ti ìyẹ̀fun sápá kan, igi ọpọ́n sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Odù tí a ń kà jẹ́ àyè tí ìyẹ̀rosùn ti kúrò. Èdè wa pàápàá mọ èyí: ọ̀rọ̀ náà “tẹ̀”, tí a ń lò fún odù, ni a ń lò fún ìwé títẹ̀ lónìí.

Ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní agbègbè wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọpọ́n Ifá tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ó ṣì wà láyé ń bẹ ní ìlú Ulm, ní Jámánì. Oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ni ó ní in, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àkójọ ohun ìní rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1659. Allada ni a gbà pé ọpọ́n náà ti lọ, ìlú tí ìtàn sọ pé ìdílé Tè-Agbanlin, ọba Àjàṣẹ́, ti ṣẹ̀ wá. Ọnà tí a gbẹ́ sí etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n gbogbo odù tí a ti tẹ̀ sí àárín rẹ̀ ti lọ.

Àwọn ìyá wa aláàdìrẹ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ni ó mú ìmọ̀ yìí dé orí aṣọ. Wọ́n a fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, wọ́n a sì fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn a tẹ́ ẹ̀kọ sí gbogbo ojú aṣọ, wọ́n a sì fi òòyà tàbí ìka fà á nígbà tí ó ṣì tútù. Bí a bá ri aṣọ náà bọ inú aró èlú, aró a mú ibi tí ẹ̀kọ ti kúrò, ibi tí ẹ̀kọ wà a sì funfun. Ní ìkẹyìn, wọ́n a ha ẹ̀kọ tí ó gbẹ dànù. Ẹ wo bí èyí ti bá iṣẹ́ ayàwòrán akirílíìkì mu: òòyà kan náà, ìkánjú kan náà, nítorí ẹ̀kọ tí ó bá ti gbẹ kò ní gbọ́ ti òòyà mọ́.

Àwọn onígbá fínfín Ọ̀yọ́ ń rìn ní ọ̀nà tí ó sún mọ́ èyí. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ há awọ igbá kúrò, kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ lè hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ìka kò lè tún nǹkan ṣe. Ohun tí ọ̀bẹ bá ti mú kúrò ti lọ títí ayé.

Nítorí náà, àkókò ni ó ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ìyẹ̀rosùn kì í gbẹ rárá: a lè tẹ odù, kí a nù ún, kí a tún un tẹ̀. Ẹ̀kọ ń fún ọlọ́wọ́ ní àkókò díẹ̀. Igbá kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Ohun tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ń wá nígbà tí wọ́n ṣe ọ̀dà tí kì í tètè gbẹ ni àyè tí ó wà láàárín títẹ́ àti gbígbẹ, àyè tí aláàdìrẹ ti mọ bí a ṣe ń lò.

Kí ni èyí já mọ́ fún wa? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà sí Benin, èyí tí ọmọ ogun wọn kó ní ààfin Abomey ní ọdún 1892. Inú wa dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a lè gbé ni a lè jí, òun náà sì ni a lè dá padà. Kò sí ọkọ̀ tí ó gbé odù tí a tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn lọ, kò sì sí èyí tí yóò gbé e bọ̀. Bí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n bá parẹ́, ọpọ́n nìkan ni yóò kù nínú àpótí dígí, ní mímọ́ tónítóní, bí ti Ulm.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tokpota ní fóònù tí ń ya àwòrán tí ń rìn. Àwọn àgbà Àjàṣẹ́ ní ìmọ̀ nínú ìka wọn. Ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ tọrọ àyè, ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n bá ní kò ṣeé yà. Ẹ ya bí ọwọ́ ti ń ṣe é, kì í ṣe ohun tí ó kù lẹ́yìn iṣẹ́ nìkan. Ẹ kọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní èdè wa. Nígbà tí ẹ bá sì mú ọ̀dà akirílíìkì lọ́wọ́, ẹ máa yọ ọ́ bí ẹni tí ń bá iṣẹ́ ilé rẹ̀ lọ.