Kọnkéré lórí Amọ̀ tí ń Wú: Ìtàn Ọ̀nà Mọ́tò Inú Àgbàlá ní Ilẹ̀ Dúdú Texas títí di 1988

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn iṣẹ́ kan tí àwa tí a ń kọ́ nípa ìtàn kì í sábà kà sí. Iṣẹ́ náà ni fífi kọnkéré tẹ́ ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọ àgbàlá ilé, ní ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ mú, tí amọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń wú nígbà òjò, tí ó ń súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ibi tí mo mú ṣe àpẹẹrẹ ni ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, pàápàá ilẹ̀ dúdú tí ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí odò Red River ní àríwá, tí ó gba Dallas àti Waco kọjá, tí ó sì dé San Antonio ní gúúsù.

Àwọn ẹnjiníà ni ó ti kọ púpọ̀ nínú ohun tí a ní lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà ni pé nígbà kan, ẹnikẹ́ni kò mọ ìwà amọ̀ yìí. Ìwádìí wáyé, òye sì dé. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti dára. Èmi kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn náà kò pé. Òye dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ọba àti pápákọ̀ òfuurufú ni ó kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ó bá yà sí ilé àwọn mẹ̀kúnnù, ìpìlẹ̀ ilé ni ó máa ń dúró sí. Ọ̀nà inú àgbàlá ni a fi sílẹ̀ fún bíríkìlà àti onílé láti bára wọn jà lé lórí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú amọ̀ tí à ń wí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Texas ni àwọn tí ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ ń pè ní Houston Black. Ó dúdú, ó sì wúwo. Nínú rẹ̀ ni èròjà kan wà tí a ń pè ní montmorillonite, tí a fi orúkọ ìlú Montmorillon ní ilẹ̀ Faransé sọ. Èròjà yìí tò ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé. Bí omi bá wọ àárín àwọn ìpele náà, wọn a fà sẹ́yìn kúrò lára ara wọn, ilẹ̀ a sì ga sókè. Bí omi bá gbẹ, wọn a padà sún mọ́ra, ilẹ̀ a sì sán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn lè ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀là ilẹ̀ náà. Àwọn àgbẹ̀ olówùú tí ó kọ́kọ́ tú ilẹ̀ yìí mọ ìwà rẹ̀ dáadáa, nítorí pé bí òjò bá rọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn kì í lè rìn níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá sí ilẹ̀ Yorùbá. Láàrin Ìpóbẹ́ àti Kétu, àfonífojì amọ̀ dúdú kan wà níbi tí àwọn Ọ̀họ̀rí ń gbé. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ìdìde wọn sí ìjọba Faransé ní nǹkan bí 1914 sí 1915 yóò rántí pé ẹrẹ̀ àfonífojì náà wà lára ohun tí ó ṣe odi fún wọn. Bí òjò bá ti dé, kò rọrùn fún ọmọ ogun tí ó ru ẹrù láti wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn Ọ̀họ̀rí ń fi ìwà amọ̀ náà gbèjà ara wọn. Àwọn ará Texas ní tiwọn ń wá bí yóò ṣe gbé ẹrù tí kò fẹ́ gbé.

Ìtàn kọnkéré fúnra rẹ̀ kò ní í gbà wá lákòókò púpọ̀. Ní 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1891 ni George Bartholomew fi kọnkéré tẹ́ ojú pópó ní Bellefontaine, ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1909 ni wọ́n tẹ́ máìlì kan ní Woodward Avenue ní ẹ̀bá Detroit. Ní 1918, Duff Abrams ní Chicago fi hàn pé ìwọ̀n omi sí sìmẹ́ńtì ni ó ń pinnu agbára kọnkéré: bí omi bá ṣe pọ̀ sí i ni agbára ń dín kù sí i. Ìdánwò ọ̀nà Bates ní Illinois, ní 1922 àti 1923, fi hàn pé etí kọnkéré ni mọ́tò akẹ́rù kọ́kọ́ ń fọ́, nítorí náà àwọn ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí mú kí etí nípọn ju àárín lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ibi tí gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti wá: Ohio, Michigan, Illinois. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n, níbi tí yìnyín ti jẹ́ ọ̀tá kọnkéré. Nígbà tí a gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Texas, àwọn òfin rẹ̀ kò mẹ́nu ba amọ̀ tí ń wú, wọn kò sì mọ oòrùn tí ó lè gbé ojú kọnkéré gbẹ kí inú rẹ̀ tó le. Ojú tí ó gbẹ báyìí a máa sán wẹ́wẹ́ ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a dà á. Bíríkìlà tí ó bá rí i pé àpòpọ̀ ń le lọ́wọ́ òun a bu omi sí i kí ó lè rọ̀ fún ìfà. Ohun tí Abrams kìlọ̀ fún ni ó ń ṣe yẹn. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ní ilẹ̀ oòrùn gba ọ̀nà mìíràn: wọn a da kọnkéré ní ìdájí, wọn a ti fi omi rin ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣáájú, wọn a sì fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje. Lórí àwọn ọ̀nà ìjọba àtijọ́, wọ́n tilẹ̀ ń fi erùpẹ̀ mọ ebè yíká kọnkéré, tí wọn a sì da omi sí àárín rẹ̀ bí adágún. Iṣẹ́ yìí kò ní agbára nínú. Sùúrù ni ó gbà, sùúrù sì ni ohun àkọ́kọ́ tí a ń yọ kúrò nínú iṣẹ́ tí a gbà ní owó pọ́ọ́kú.

Nípa ti amọ̀, ọdún 1938 ni a sábà ń dárúkọ. Ní ọdún náà, àwọn ẹnjiníà ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ omi ní Owyhee, ìpínlẹ̀ Oregon, rí i pé ohun tí ó ń ba ìpìlẹ̀ páìpù ńlá kan jẹ́ kì í ṣe àìdára iṣẹ́, bí kò ṣe ilẹ̀ tí ń wú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ènìyàn ní Texas ni ọ̀dá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1950, tí òjò ńlá ìgbà ìrúwé 1957 fòpin sí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé tí a kọ́ sórí pẹpẹ kọnkéré ti ń pọ̀ sí i yíká Dallas àti San Antonio. Ẹni tí ó kọ́lé nígbà ọ̀dá gbé kọnkéré lé amọ̀ gbígbẹ tí ó ti súnkì tán. Nígbà tí òjò dé, amọ̀ náà mu omi, ó sì gbé ohun tí ó wà lórí rẹ̀.

Láàrin ọ̀dá yìí gan-an, ní 1956, ni Chester McDowell, ẹnjiníà ní ẹ̀ka ọ̀nà ìjọba Texas, tẹ ọ̀nà tí a lè gbà ṣírò iye ínṣì tí ilẹ̀ kan lè ga sókè jáde. Òun náà ni ó kọ̀wé nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nítòsí Waxahachie, ní gúúsù Dallas, níbi tí wọ́n ti kó omi jọ sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ọ̀nà, kí amọ̀ lè wú tán kí kọnkéré tó dé orí rẹ̀. Ní 1965, Yunifásítì Texas A&M pe àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí amọ̀ tí ń wú sí College Station. Láti àárín àwọn ọdún 1940 ni ẹ̀ka ọ̀nà ti ń fi láìmù, èyíinì ni òkúta ẹfun tí a fi iná sun, po mọ́ amọ̀. Láìmù yìí a máa so ẹyọ amọ̀ pọ̀ di kókó, kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ mu omi mọ́; bí ó bá pẹ́, òun àti amọ̀ a jọ le bí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí pápákọ̀ òfuurufú Dallas-Fort Worth ṣí ní January 1974, orí amọ̀ tí a ti fi láìmù wò ni wọ́n tẹ́ kọnkéré rẹ̀ lé.

Níbi yìí ni ó yẹ kí a béèrè pé: kí ni ó kan onílé nínú gbogbo èyí? Ní 1968, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba àpapọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé gbé ìwé ìlànà jáde lórí pẹpẹ kọnkéré ilé gbígbé. Ní 1980, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi okùn irin tí a fà le mú kọnkéré lágbára gbé tiwọn jáde. Ìpìlẹ̀ ilé ni àwọn méjèèjì ń tọ́jú. Èrò tèmi ni pé ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ilé ni ìjọba àti báǹkì yá ènìyàn lówó lé lórí. Bí ilé bá là, owó wọn wà nínú ewu. Bí ọ̀nà inú àgbàlá bá là, onílé nìkan ni ó ń fẹsẹ̀ kọ.

Àdánù náà kì í sì í ṣe kékeré. Ní 1973, D. Earl Jones àti Wesley Holtz tẹ ìṣirò kan jáde tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: wọ́n ní amọ̀ tí ń wú ń ba nǹkan tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 2,200 dọ́là jẹ́ lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, tí ó ju ìlọ́po méjì ohun tí àgbàrá, ìjì àti ìmìtìtì ilẹ̀ ń bàjẹ́ lápapọ̀. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 1,140 jẹ́ ti ọ̀nà àti òpópó, mílíọ̀nù 300 jẹ́ ti ilé ìdílé kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 110 sì jẹ́ ti ojú ẹsẹ̀, ọ̀nà inú àgbàlá àti ibi ìgúnlẹ̀ mọ́tò. Àwọn tí ó ń tọ́ka sí ìṣirò yìí máa ń dárúkọ àròpọ̀ rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí ó dúró lórí mílíọ̀nù 110 yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó ju ohun tí wọ́n kà sí ọrùn pápákọ̀ òfuurufú lọ ní ìlọ́po méjì.

Ohun tí ó mú kí n rò pé àìkàsí yìí ṣe pàtàkì ni pé a kò lè kàn gbé ìwòsàn ilé fún ọ̀nà inú àgbàlá. Àwọn ẹnjiníà ti mọ̀ pé abẹ́ àárín ilé kì í gbẹ, kì í sì í rin gbingbin. Etí rẹ̀ ni omi ń wọ̀ tí ó sì ń jáde bí ìgbà ṣe ń yí. Etí yìí lè tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìhà kọ̀ọ̀kan. Ilé tí ó fẹ̀ tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà ní àárín tí ó lè fi ara tì. Ọ̀nà mọ́tò tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ńkọ́? Etí ni gbogbo rẹ̀. Kò ní àárín. Nítorí náà ni kọnkéré rẹ̀ fi ń là gbọọrọ ní gígùn, nígbà tí ilé tí wọ́n jọ kọ́ lọ́jọ́ kan náà dúró ṣinṣin. Bíríkìlà a ní ilẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Onílé a ní sìmẹ́ńtì ni bíríkìlà jí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ bíríkìlà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kọnkéré tí ó nípọn ní ínṣì mẹ́rin, kódà kí ó jẹ́ mẹ́fà, kò lè dá amọ̀ tí ó ń gbé ilé sókè dúró. Àṣìṣe tí ó pẹ́ jù nínú ìtàn yìí ni ìgbàgbọ́ pé kí a ṣáà fi kún ìnípọn.

Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ni dídá omi lẹ́kun, kí ìwọ̀n rẹ̀ lábẹ́ kọnkéré má yí padà. Ní San Antonio, ní 1978, Malcolm Steinberg àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà gbẹ́ ihò tóóró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ta aṣọ tí omi kì í kọjá sínú rẹ̀ lóòró, kí omi etí má bàa wọ abẹ́ ọ̀nà. Nínú àgbàlá, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ń ṣe irú rẹ̀ ní kékeré. Wọn a po láìmù mọ́ amọ̀ òkè, wọn a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn a gbé ọ̀pá irin sókè kúrò nílẹ̀ kí ó lè wà láàrin kọnkéré, nítorí pé irin tí ó sùn sórí ilẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọn a gé ojú kọnkéré ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ara wọn, kí ó lè là níbi tí a bá fẹ́, wọn a sì jẹ́ kí ó dagun kí omi lè ṣàn lọ. Igi ńlá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Gbòǹgbò a máa fa omi kúrò nínú amọ̀ ju oòrùn lọ. Ní ìgbà ooru 1980, nígbà tí Dallas rí ọjọ́ 42 léraléra tí ooru dé ìwọ̀n 100 Fahrenheit tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ilẹ̀ tí igi yí ká ni ó kọ́kọ́ súnkì.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí láìmù, tí àwọn tí ń yìn ín kì í fẹ́ sọ. Ní 1988, Dal Hunter tẹ ìwádìí jáde lórí Stewart Avenue ní Las Vegas, níbi tí ilẹ̀ tí a ti fi láìmù wò ti padà wú, tí ó sì ba ọ̀nà jẹ́. Sulphate ni ó wà nínú amọ̀ náà. Nígbà tí òun, láìmù àti omi pàdé, wọ́n bí èròjà tuntun tí ó wú ju amọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Texas pẹ̀lú. Lónìí, ẹ̀ka ọ̀nà ìjọba níbẹ̀ a máa wọn sulphate kí wọ́n tó da láìmù sí ilẹ̀. Fún ọ̀nà inú àgbàlá, ẹni tí yóò sanwó ìdánwò náà ni onílé, òun kan náà tí yóò sanwó kọnkéré kejì bí àkọ́kọ́ bá là.