Fíìmù abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò mẹ́ta, àti ọkùnrin tí wọn kò fi hàn wá



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ ọmọ mi jọ wo The Hurricane, fíìmù ọdún 1999 tí Denzel Washington ti ṣe Rubin Carter. Nígbà tó parí, ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, ṣé kò sẹ́ni tó lè na Carter láìṣe màgòmágó ni?" Mo ní, "Dick Tiger nà án." Ó wò mí lójú. "Ta ni Dick Tiger?" Ìbéèrè yẹn ló lé oorun lójú mi.

Jankara ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, nígbà tí Tiger àti Gene Fullmer, ọmọ Amẹ́ríkà, du ìgbànú àgbáyé ní pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn. A rọ̀gbà yí rédíò aládùúgbò kan ká. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ráúndì, ṣùgbọ́n ó ń bi wá ṣáá pé, "Ṣé ọmọ wa ṣì wà lórí ìdúró?" Lẹ́yìn ráúndì keje, Fullmer kò lè jáde mọ́. Ariwo sọ. Ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò ni Tiger o, "ọmọ wa" sì ni ìyá mi pè é.

Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni àwọn oníròyìn wa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ́ tó ń kù bí òjò. Òjò tó ń kù, etí la fi ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Etí náà la fi mọ Tiger. Ojú ni fíìmù wà fún ní tirẹ̀, ohun tí kò bá sì fi han ojú, kíá ló ń dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ wo The Hurricane. Ó dáa, òótọ́ sì ni pé wọ́n fi ẹ̀wọ̀n jẹ Carter níyà, adájọ́ kan ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ní torí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ìjà oṣù kejìlá 1964 fún Joey Giardello. Giardello pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì bá ara wọn parí rẹ̀ láìdúró de ìdájọ́. Ní oṣù karùn-ún 1965, ní Madison Square Garden, Tiger gbé Carter ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì borí. Ní oṣù kẹwàá, ó gba ìgbànú lọ́wọ́ Giardello fúnra rẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú fíìmù.

Ẹ wá The Set-Up náà wò, ti ọdún 1949. Ìṣẹ́jú 72 péré ni, aago inú ìtàn àti aago ọwọ́ yín á sì jọ máa rìn. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan tó ti ń darúgbó ni. Mánijà rẹ̀ ti gbowó pé yóò fìdí rẹmi, kò sì sọ fún un. Inú ewì gígùn Joseph Moncure March, ti ọdún 1928, ni wọ́n ti mú un. Adúláwọ̀ ni akọni inú ewì yẹn. Nígbà tó máa fi dé inú fíìmù, ó ti di òyìnbó.

Ìkẹta ni Rocky, ti ọdún 1976. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: Gbọ̀ngàn Glover, tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé láti Jankara, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ 1903. Ilé-iṣẹ́ Balboa láti Spéènì ló gbé e wá, Herbert Macaulay ló sì bá wọn ṣètò rẹ̀. Balboa náà ni orúkọ bàbá Rocky! Rocky kò borí. Kó ṣáà wà lórí ìdúró nígbà tí agogo bá dún kẹ́yìn ló ń wá. Ìbéèrè ìyá mi gan-an nìyẹn.

Tiger ńkọ́? Nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀dọ̀ Bìáfrà ló wà. Lọ́dún 1969, ó dá oyè MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí ogun náà. Ẹni tí ayé ti pàtẹ́wọ́ fún wá ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní mùsíọ́mù Metropolitan ní New York. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á ní Aba, ní oṣù kejìlá 1971, lẹ́ni ọdún 42.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti di onífíìmù, iṣẹ́ rèé. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín. Mo ti sọ ọ́ fún tèmi.