Láti Ọ̀dọ̀ Àfàlá Dé Ọ̀dọ̀ Abíọ́dún: Obìnrin àti Ipò Aṣáájú nínú Ìjọ Kírísítì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá kan fojú kan ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní Òṣogùn láti ọdún 1821. Ọmọ náà ti di àlùfáà ìjọ C.M.S.; Samuel Àjàyí Crowther ni. Ní ọdún 1848, ìyá náà, Àfàlá, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní ìlú náà, Hánà sì ni orúkọ tí a sọ ọ́. Orúkọ náà kì í ṣe àdédé, nítorí Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ẹwà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ṣe ohun mìíràn: láti ara ọmọ ni obìnrin yìí gbà wọ inú ìtàn ìjọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń dárúkọ obìnrin, bí ìyá lágbájá tàbí aya àlùfáà tàmẹ̀dò.

Oyè tí ó wá gbilẹ̀ fún obìnrin nínú àwọn ìjọ àtètèdé ni Ìyá Ìjọ. A kò ṣòro láti rí ibi tí a ti yá a: àwòkọ Ìyálóde àti Ìyálọ́jà ni. Ìyá Ìjọ a máa kó àwọn obìnrin jọ, a máa parí ìjà, a sì máa ṣaájú nígbà tí owó bá di dandan. Oyè gidi ni, kì í sì í ṣe ohun tí a lè fojú rénà, ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè àlùfáà. Ohun tí ó jọni lójú ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò dí ọ̀nà náà. Kò sí akọ tàbí abo nínú “ó”. “Àlùfáà” àti “wòlíì”, tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì yá lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí, kò yan ọkùnrin láàyò. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Dèbórà, wọ́n ní láti fi “obìnrin” kún “wòlíì”.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì rárá. Ìyálórìṣà wà káàkiri, tí ọkùnrin àti obìnrin ń kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ẹni tí ó ti rí obìnrin tí òrìṣà gùn kò ní í ta gìrì bí ó bá gbọ́ pé Ẹ̀mí bà lé obìnrin. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ìfilúẹ́ńsà ọdún 1918, Sophia Ọ̀dúnlámì, olùkọ́ ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní a rán òun, pé omi òjò àti àdúrà ni ìwòsàn. Ó di ọ̀kan lára òpó ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, níbi tí gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kírísítì ti jáde.

Ẹjọ́ tí ó le jù ni ti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n. Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo, ni a bí i sí ní ọdún 1907. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ó lọ wo ìtò ọdún Kọ́pọ́sì Kírísítì tí ìjọ Àgùdà ń ṣe ní ìlú Èkó. Ó ní òun rí áńgẹ́lì lábẹ́ ìborí tí wọ́n gbé yí Ara Olúwa ká. Nígbà tí ó délé, ó wọ ojúran fún ọjọ́ púpọ̀. Mósè Orímọládé, wòlíì tí ó ti Ìkàrẹ́ wá, ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kí ó wá gbàdúrà fún un. Àwọn èrò tí ó ń wá wo ọmọbìnrin yìí ni ó di ẹgbẹ́ Séráfù nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà. A fi Kérúbù kún orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1926.

Ta wá ni olùdásílẹ̀? Orímọládé ti ń wàásù láti ìlú dé ìlú kí ó tó dé Èkó, ṣùgbọ́n kò ní ẹgbẹ́. Abíọ́dún ni èrò ń wá wò, òun náà sì ni ó ṣaájú nínú ìrìn-àjò ìwàásù sí àwọn ìlú òkè ní ọdún 1927. Ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà náà, kò sì tíì lọ́kọ. Ìjà lórí ipò yìí wà lára ohun tí ó tú ẹgbẹ́ náà ká. Ní ọdún 1929 Orímọládé kọ̀wé sí i pé kí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó ń sọ pé olùrànlọ́wọ́ lásán ni Abíọ́dún ní láti ṣàlàyé lẹ́tà yẹn, nítorí a kì í fún olùrànlọ́wọ́ lásán ní ìpín.

Oyè tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ yẹ fún àfiyèsí pẹ̀lú. Kì í ṣe Ìyá ohunkóhun, Káputéènì ni. Inú iṣẹ́ ọmọ ogun ni oyè náà ti wá, bóyá nítorí pé kò sí èyí tí ó bá a mu nínú àwọn oyè tí ìjọ ti pèsè sílẹ̀ fún obìnrin. Ó darí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́ta ọdún lọ, títí ó fi kú ní ọdún 1994.

Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Kérúbù àti Séráfù, obìnrin tí ó wà nínú nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi gbogbo ru àwọn òyìnbó oníwàásù, ṣùgbọ́n èèwọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn; Májẹ̀mú Láéláé mọ̀ ọ́n, ojúbọ òrìṣà púpọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ: obìnrin kì í gun pẹpẹ níbẹ̀, kì í sì í wàásù fún ìjọ. Àjàṣẹ́ ni S. B. J. Oshoffa ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1947, ìlú kan náà tí a ti bí Abíọ́dún ní ogójì ọdún ṣáájú.